Ilé ni, kì í ṣe ilẹ̀: bí a ṣe gbé eré olórin ẹlẹ́rìn-ín kalẹ̀ ní àdúgbò tí wọ́n fẹ́ wó

Ọ̀dà pupa ló kó wa jọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin mẹ́ta wọ àdúgbò wa lẹ́bàá odò Kúdẹtì n'Íbàdàn, wọ́n fi ọ̀dà kọ X gàdàgbà sára ògiri ilé mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì bá tiwọn lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù mi náà. Télọ̀ ni mí, ojú kan náà ni mo sì ti ń ránṣọ láti ọdún 1994. Mo kọ́kọ́ sunkún. Nígbà tí ẹkún dá, orin ló bọ́ sí mi lẹ́nu, torí èmi ni mo máa ń lé orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ládùúgbò wa. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, orin yẹn ti di eré tí ènìyàn mọ́kànlá ń ṣe, tí àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. A ti ṣe é nígbà mẹ́ta ní ojú títì mẹ́ta. Àwọn àdúgbò míì ti ń ránṣẹ́ sí mi pé báwo la ṣe ṣe é. Bí a ṣe ṣe é nìyí, àti ibi tí a ti ṣì í.

Ẹ má tíì mú gègé

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ lọ jókòó ti àwọn ènìyàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé kiri láti ojúlé dé ojúlé: “Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde nílé yìí ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí lẹ máa kọ́kọ́ gbé?” Ẹ má béèrè pé kí ni wọ́n rò nípa ìjọba. Bí ẹ bá béèrè ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa sọ, kò sì ní sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́kọ sọ pé ọlọ òun ni, torí ìyá òun ló fi lé òun lọ́wọ́. Bíríkìlà kan ní ilẹ̀kùn iwájú ni, torí igi ìrókò ni, gbogbo ìyókù ilé náà kò sì tó o. Ọmọ kan tó ń mú ìdánwò JAMB ní fóònù òun ni, ló bá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àti bàbá mi.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ ń wá nìyẹn. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́ ló wà nínú eré títí dòní.

Ìyá àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti gbé ní Màrókò, l'Ékòó, rí. Ní July 1990, ìjọba ológun Èkó fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje láti kó jáde, lẹ́yìn náà kátapílà wọlé. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn tó nǹkan bí 300,000. Ìyá náà ní fèrèsé mẹ́rin lòun yọ lára ilé, òun gbé e kọ́ èjìká, ó di ọjọ́ kẹta kí òun tó rántí pé ìwé-ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ òun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ní kí ni a ń wò báyìí, pé ẹni tó gbé fèrèsé láìní ògiri, ṣé kò yẹ kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín ni? Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ipa yẹn. Ó máa ń gbé férémù fèrèsé wọ ojú agbo, ó máa yọjú láti inú rẹ̀, á ní, “Ẹ káàsán o, ta ló wà nílé?” Ẹ jẹ́ kí ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ló máa sọ ibi tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíì kò gbọdọ̀ bá a pinnu ẹ̀.

Eré àkọ́kọ́ tí a kọ, irọ́ ni

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kọsẹ̀.

Nínú eré tí a kọ́kọ́ kọ, olè ni gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba, áńgẹ́lì sì ni gbogbo ará àdúgbò. A dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan níwájú àwọn àgbà mélòó kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá kan dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, omi ló gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ ní 1980. Ta lẹ fẹ́ kí n fi rẹ́rìn-ín?”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ọjọ́ Àìkú, 31 August 1980, ni odò Ògùnpa kún àkúnya. Omíyalé ni àwa ọmọ Ìbàdàn ń pè é títí dòní. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó bá omi lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ní 26 August 2011, omi tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbé afárá, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn. Nítorí náà, bí ìjọba bá sọ pé ilé ti sún mọ́ odò jù, kì í ṣe pé wọ́n lá a lálàá. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ eré nípa etídò Ìbàdàn tí kò sọ èyí, ó ti purọ́ fún àwọn tó sin òkú wọn.

A fa ìwé yẹn ya. A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a sì fi òfin kan lélẹ̀: ìdajì àkọ́kọ́ nínú eré náà, ara wa la máa fi rẹ́rìn-ín. A kọ ìyá tó máa ń dúró de òjò kí ó tó ru agbọ̀n pàǹtí rẹ̀ jáde, tó máa dà á sínú àgbàrá, tó máa wá kọrin ìdúpẹ́ pé Ọlọ́run bá òun gbálẹ̀. A kọ onílé tó ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, tí àwọn méjèèjì wá pàdé níbi ìpìlẹ̀, tí oníkálukú gbé bíríkìlà tirẹ̀ dání. A kọ alága ẹgbẹ́ onílé tó gba owó ìwé lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tó sì wá fi ṣe ìsọmọlórúkọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é síta, ìyá kan nínú àwọn òǹwòran kígbe pé, “Èmi lẹ ń bá wí!” ó sì ń jó bó ṣe ń kígbe. Èyí kì í ṣe tuntun n'Íbàdàn. Bí oṣù March bá dé, tí a ń ṣọdún Òkèebàdàn, kò sí ẹni tí wọn kò lè kọrin bú, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. A ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba orin mọ́ra kí á tó mọ eré orí ìtàgé.

Bí àwọn ènìyàn bá ti fi ara wọn rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á gbà yín gbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìjọba. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìbínú lásán ni ẹ ó bá pàdé, ẹni tó ń bínú kì í sì í gbọ́ orin dé ìparí.

Ohun kejì tí bàbá yẹn kọ́ wa ni pé kí á fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní orin tó dùn jù lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa bá mi jà lórí èyí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọ̀gá náà wọlé, ó wọ kóòtù, ó kọrin nípa omi tó wọlé bàbá tirẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi í pé, “Ẹ gbà, a máa kó. Níbo ni a máa kó lọ?” Ó yí ojú ìwé padà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún yí i. Ó fún akọ̀wé rẹ̀, òun náà yí i. Ojú ìwé tí kò ní nǹkan kan yìí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo eré wa, kò sì lè rí bẹ́ẹ̀ ká ní ọ̀gá náà kò tíì rí àánú wọn gbà.

Dò, re, mí

Orúkọ eré wa wá láti inú orin kan. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ó ń bá aráàlú mú un dání. Bí ó bá gba ilẹ̀ fún ohun tí ará ìlú máa lò, ilé orí ilẹ̀ àti irúgbìn ni owó gbà-má-bínú wà fún: iye tí ilé náà máa ná ẹni tó bá fẹ́ tún un kọ́, kí wọ́n yọ gbígbó rẹ̀ kúrò. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó ilẹ̀ tí o san fún ìjọba lọ́dún yẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ládùúgbò wa ni kò mọ̀. Wọ́n ń di rìsíìtì ilẹ̀ mú ṣinṣin, wọ́n ti da rìsíìtì sìmẹ́ńtì nù.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ kọ èyí lórin kí ó má dà bí ilé ẹ̀kọ́? A kọ ọ́ báyìí:

Lílé: Ilé ni mo kọ́, n ò kọ́ ilẹ̀.
Ègbè: Ilé ni!
Lílé: Ilé tí mo kọ́ ni kẹ́ ẹ díye lé.
Ègbè: Ilé ni!
Lílé: Ilẹ̀ tí mo tẹ̀, gómìnà ló ni ín.
Ègbè: Ilẹ̀ ni!
Lílé: Sìmẹ́ńtì tí mo rà, ṣé gómìnà ló rà á?
Ègbè: Rárá o, ilé ni!

Ọmọkùnrin kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì bá wa fi orin yìí sí ohùn orin ìsìn kan tí ó dùn gan-an. A kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìgbà tí mo jókòó sẹ́yìn bí òǹwòran ni mo tó gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ohùn orin náà ń wálẹ̀ ní ìparí ìlà. Ilé, re-mí ni. Ilẹ̀, re-dò ni. Bí ohùn bá ti wálẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, “ilé ni” di “ilẹ̀ ni” létí ẹni tó jókòó lókèèrè, òfin tí a fẹ́ kọ́ wọn sì ti yí padà. Ẹ lè kọrin tó dùn kí ẹ sì rán ènìyàn lọ sílé pẹ̀lú òfin èké.

Nítorí náà: ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ jẹ́ kí onílù fi gángan tẹ̀ lé ẹnu yín, kí ohùn orin wá ti ibẹ̀ jáde. Ẹ má mú ohùn orin tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá gbé ọ̀rọ̀ yín lé. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan lọ jókòó jìnnà, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó mọ̀ pé ẹ kọ. Kí ẹ sì fún lọ́yà ní orin yín kà. Tiwa ka ti wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí á fi ẹsẹ kan kún un nípa ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ máa le ju ti àwọn yòókù lọ. A fi kún un. Ìlà yẹn ni àwọn òǹwòran ń dákẹ́ fún.

Ẹ ṣe ègbè ní kúkúrú. Ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta ó pọ̀ jù. Àwọn òǹwòran gbọ́dọ̀ lè gbè é ní ìgbà kejì tí wọ́n bá gbọ́ ọ, kí àwọn ọmọdé sì lè máa gbè é nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kejì.

Gángan fúnra rẹ̀ jẹ́ òṣèré. Ẹ má fi í sẹ́yìn bí ẹni tí ó kàn ń lù kí ariwo lè pọ̀. Nínú eré wa, wọ́n bi ọ̀gá pé ìgbà wo ni owó máa jáde. Ó fèsì pé, “Ọ̀la ni!” Gángan lù ú gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́: dò re re. Gbogbo ènìyàn gbọ́ “Òfo ni!” Onílù kò sọ nǹkan kan o, ohun tí ọ̀gá sọ ló tún sọ. Ọ̀gá bínú, ó tún kígbe pé, “Mo ní ọ̀la ni!” Gángan tún ṣe é. Ẹ jókòó ti onílù yín, ẹ jọ wá irú rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ ládùúgbò tiyín. Ẹ ó rí i, èdè wa kún fún un.

Aṣọ, ilé àti kátapílà

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ gbà mí láàyè.

Ènìyàn ló ń ṣe Ilé. Ìyá kan tó sanra dáadáa, tí ojú rẹ̀ tutù. Mo fi àpò sìmẹ́ńtì rán ìró fún un, mo fi páànù kékeré ṣe gèlè. Ilé ń ráhùn nínú eré: orí òun ń jò, ẹ̀yìn òun ti sán, ọdún mẹ́wàá ni onílé kò ti kun òun lọ́dà. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé àwọn tó ń díye lé ilé ń bọ̀, ó sáré wọlé, ó kun àtíkè, ó fi tìróò sójú, ó dúró ṣánṣán, ó ní, “Ẹ bá mi ká a, yàrá mẹ́fà ni mí.” Láti ibi eré yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ya fọ́tò ilé wọn kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan, òrùlé, kànga, gbogbo rẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀dà ṣe X. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ wa fi ẹfun tí wọ́n po mọ́ àwọ̀ pupa kọ ọ́ sára ògiri aládùúgbò kan, wọ́n rò pé omi á fọ̀ ọ́. Ìyá onílé dé láti ọjà, ó rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó gbà wá ní wákàtí kan láti tù ú nínú, ó sì tọ́ sí i pé kí ó bú wa. Láti ìgbà náà, àjẹkù àǹkárá pupa ni mo fi ń gé X, ṣéfútí pìnnì la sì fi ń so ó mọ́ nǹkan. Ó tún wá dára ju ti ọ̀dà lọ. Àwọn awọnlẹ̀ wọlé, wọ́n so X mọ́ ògiri, wọ́n so ó mọ́ ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, “Èyí, ẹ lè máa gbé e lọ.”

Ní ti kátapílà, ẹ má náwó lórí ẹ̀rọ tàbí páálí ńlá. Ọ̀dọ́ mẹ́jọ tó, kí wọ́n so ọwọ́ pọ̀, kí bárò kan wà níwájú, kí àwọn tó wà lẹ́yìn máa lu agolo, kí wọ́n fi ohùn ìsàlẹ̀ máa ké gbì, gbì, gbì. Kí wọ́n máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tààrà sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran, títí bárò fi máa dé ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú. Kí gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́. Ẹ ka iye títí dé mẹ́wàá nínú ọkàn yín. Lẹ́yìn náà ni gángan wá pè é, kátapílà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìmọ̀, ìbàdí rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, bárò lọ sósì. Ẹ má gé ìdákẹ́jẹ́ yẹn kúrú nítorí pé ẹ̀rù ń bà yín. Àwọn òṣèré tuntun máa ń fẹ́ sáré dé ibi ẹ̀rín. Àwọn tó ti rí kátapílà gidi rí nílò kíka mẹ́wàá yẹn.

Orúkọ, àyè, àti owó

Ẹ má dárúkọ ẹni tó wà láàyè. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ bẹ̀rù. Ní 1964, Hubert Ogúǹdé gbé Yorùbá Ronú jáde, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àlọ́ ọba àtijọ́ ló fi ṣe, síbẹ̀ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré lágbègbè wọn mọ́. Ó di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gorí àlééfà, kí òfin yẹn tó kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú eré yìí ní láti mọ̀ pé aládé lè bínú sí àlọ́. Ìdí tí èmi fi ní kí ẹ má dárúkọ ni pé alága tí ẹ bá dárúkọ lónìí lè má wà níbẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jókòó kí ó sì mọ ara rẹ̀ nínú eré náà.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ mọ́gàjí, lẹ́yìn náà baálẹ̀, lẹ́yìn náà tẹ̀ṣọ́n ọlọ́pàá. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú fọ́tókọ́pì dání. Ẹ sọ ọjọ́, àkókò àti iye ènìyàn. Mọ́gàjí tiwa béèrè pé ṣé ìran àwọn náà wà níbẹ̀, a ní ó wà, ó ní kí á má yọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ló bá wa mu jù: wọ́n ti kírun Àsárì tán, Màgáríbì kò tíì tó, oòrùn ṣì ń ràn débi pé a kò nílò iná. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni eré wa. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí, ó máa jẹ gbogbo ègbè yín. A kò lo máíkì. Ojú títì tí ilé wà ní ọ̀tún àti òsì máa ń mú ohùn padà, ẹ lọ pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó yàn án. Kí àwọn ènìyàn jókòó yí yín ká ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀kan ṣí sílẹ̀ fún kátapílà, kí ọ̀kadà náà sì rí ibi gbà.

₦37,000 ni a ná nígbà àkọ́kọ́, oúnjẹ àwọn òṣèré ló sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ yá àga, ẹ yá kánópì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdí rẹ̀. Olóṣèlú kan fẹ́ fún wa ní owó àti ẹ̀wù tí àwòrán rẹ̀ wà láyà. A kọ̀ ọ́. Òṣèré méjì bínú kúrò lẹ́gbẹ́ nítorí rẹ̀, ó dùn mí, àwọn méjèèjì lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ojú ẹnì kan bá ti wà láyà gbogbo wa, ta ni ó máa gbọ́ pé ilé la ń sọ?

Lẹ́yìn ẹ̀rín

Eré tí kò béèrè nǹkan kan pàtó, ẹ̀rín rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ. Tiwa parí sí orí lẹ́tà. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kí ó sọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ìyá tó ti Màrókò wá ló kọ́kọ́ rí i pé iye ọjọ́ náà bára mu. Ó ní ọjọ́ méje ni wọ́n fún òun láti kó ẹrù ní 1990, ẹ jẹ́ kí àwọn náà ní ọjọ́ méje láti kó ìwé jáde. Òun ló ń lé orin yẹn, ó ń ka ọjọ́ lórí ìka, àwọn òǹwòran ń gbè é.

Nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́, a máa ń ka lẹ́tà náà sókè. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: kí wọ́n fún wa ní pláànù odò náà, kí wọ́n sọ iye mítà tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí i, kí wọ́n sọ ẹni tí owó gbà-má-bínú tọ́ sí. Tábìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bírò wà níbẹ̀, páàdì fún ìtẹ̀ka wà fún ẹni tí kò lè kọ̀wé. Kí àwọn òǹwòran fọwọ́ sí i kí wọ́n tó dìde lórí àga, torí bí wọ́n bá ti dìde, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu èyí tó máa padà sọ́wọ́ yín. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, ẹ kò tíì fi lẹ́tà jíṣẹ́.

Ọjọ́ kẹtàlélógún ni ìdáhùn tiwa tó dé, lẹ́yìn tí a ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wọn ọ̀nà láti etí odò, nínú ilé mẹ́rìndínlógún tí wọ́n kọ X sí, méje péré ló bọ́ sínú ààlà. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa X mẹ́sàn-án rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lára méje.

Bí ìdáhùn bá dé, ẹ kọ ọ́ di ẹsẹ orin, bó ti wù kó korò tó, kí ẹ sì fi í sínú eré. Èmi ni mo ń kọ ẹsẹ tiwa, níwájú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Àárín eré ni a fi í sí. Àwọn kan ní kí á fi í parí, torí pé á ká àwọn ènìyàn lára. Mo ní rárá. Bí ó bá jẹ́ òun ló parí eré, wọ́n á rẹ̀ mí lẹ́kún, wọ́n á sì lọ sílé, ilé mẹ́fà tó kù kò ní rí orin tiwọn kọ. Lẹ́yìn ẹsẹ tèmi ni Ilé máa ń wọlé pẹ̀lú àtíkè rẹ̀ lójú, tí yóò béèrè pé ta ló tún kù tí wọn kò tíì ká.